Búlúù Tí Kò Gbẹ

Ọjọ́ Sátidé ni Aasiyah máa ń lọ sí Gowon Estate. Láti ọdún 2011 títí wọ ọdún 2015, bí òjò ń rọ̀, bí oòrùn ń ràn, kò sí Sátidé tó pa jẹ àfi èyí tó bá bọ́ sí ọjọ́ ọdún Iléyá tàbí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Tó bá ti kírun àárọ̀ tán, tó ti gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún ọkọ àti ọmọ rẹ̀, yóò wọ kẹ̀kẹ́ ní Egbeda, yóò sì gbé ọ̀rá dúdú kan lé ẹsẹ̀. Èèpo ẹyin ló máa ń kún inú ọ̀rá náà. Ọkùnrin Hausa kan tó ń din ẹyin tó sì ń se índómì ní ìkóríta àdúgbò wọn ló máa ń bá a kó o pamọ́ láti ọjọ́ Mọ́ńdè.

“Àǹtí, ajílẹ̀ lẹ fẹ́ fi ṣe ni, àbí adìyẹ lẹ fẹ́ lọ̀ ọ́ fún?” Báyìí ni obìnrin kan bi í lọ́jọ́ kan nínú kẹ̀kẹ́.

“Bátìrì ni mo fẹ́ fi ṣe, mà.”

Gbogbo kẹ̀kẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Oníkẹ̀kẹ́ gan-an rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ kòtò. Aasiyah náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ.

Tíṣà kẹ́mísìrì ni, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Egbeda. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni nígbà náà, ó sì ń kàwé lọ́wọ́ láti gba oyè dókítà. Bátìrì ló fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí. Ọ̀gá tó ń tọ́ ọ sọ́nà ní yunifásítì gbọ́ ohun tó fẹ́ ṣe, ó mi orí. Ó ní láàbù tiwọn kò ní irinṣẹ́ irú ẹ̀, ó ní kó lọ wá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Zacchaeus.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Zacchaeus fi jẹ́ ọ̀gá láàbù ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan kó tó fẹ̀yìn tì. Òun fúnra rẹ̀ kò di ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ló jẹ́ pé abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń di ìgò mú. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó sọ yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ di láàbù. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Tolúwalọpẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìkẹjà, ló ń bá a gbélé. Ọkùnrin gíga tó rù ni Bàbá, ó máa ń wọ kóòtù funfun láàbù kódà láti lọ wo igi gbẹ̀rẹ̀fútù tó wà lẹ́yìnkùlé.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Aasiyah dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀, kò bi í ní iye tó fẹ́ san. Ohun tó bi í ni pé, “Bátìrì lítíọ́mù ni gbogbo ayé ń ṣe. Irú ẹ̀ ló wà nínú fóònù ọwọ́ rẹ yẹn. Kí ni ìwọ fẹ́ ṣe?”

“Kálísíọ́mù ni, sà.”

Bàbá jókòó. “Ìdí ẹ̀?”

“Ọ̀nà jíjìn ni lítíọ́mù ti ń wá. Kálísíọ́mù, orí ẹ̀ la dúró lé yìí. Ó wà nínú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń kọ̀wé fáwọn ọmọ, ó wà nínú egungun, ó wà nínú ìkarahun ìgbín. Tó bá ṣe é ṣe, bátìrì á pọ̀ nílé gbogbo èèyàn.”

“Tó bá ṣe é ṣe,” ni Bàbá wí. Ó dìde, ó sì ṣí ilẹ̀kùn láàbù fún un.

Bí bátìrì ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le púpọ̀ láti ṣàlàyé, bí a ṣe ń ṣe é gan-an ló le. Ilé méjì ló wà nínú rẹ̀, omi sì wà láàárín ilé méjèèjì. Nígbà tí a bá ń lo iná rẹ̀, àwọn ohun tín-ín-tìn-tín kan máa ń kúrò ní ilé kan, wọ́n á gba inú omi kọjá lọ sí ilé kejì. Tí a bá fún un níná padà, wọ́n á gba ọ̀nà kan náà padà wálé. Ẹrù iná kan péré ni lítíọ́mù ń rù, ìrìn rẹ̀ yá. Kálísíọ́mù ń ru méjì. Ìyẹn ló mú un wu èèyàn, ìyẹn náà ló sì sọ ọ́ di wàhálà, nítorí ẹrù méjì yẹn máa ń mú un lẹ̀ mọ́ ibi tó bá wọ̀.

“Lítíọ́mù dà bí àlejò tó mọ ìgbà tó yẹ kóun dìde,” ni Bàbá máa ń wí. “Kálísíọ́mù ní tiẹ̀, tó bá ti jókòó báyìí, ó ti di ọmọ onílé nìyẹn.”

Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi kọ́kọ́ wá omi kiri. Ojúlówó irin kálísíọ́mù ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ilé kan, wọ́n ń wá omi tí yóò gbà fún un láti jáde kó sì padà. Oríṣi omi mọ́kànlá ni wọ́n dán wò. Bí irin náà bá ti kan omi báyìí, á hu awọ funfun kan bora, awọ náà á le bí èépá, kò sì sí ohun tó lè gba inú ẹ̀ kọjá mọ́. Lọ́jọ́ tí ìkọkànlá náà kọ̀, Aasiyah jókòó sórí àga onígi, ó ní òun yóò lọ wá iṣẹ́ mìíràn kọ sínú ìwé òun. Bàbá gbé gààrì àti ẹ̀pà wá. Wọ́n jẹ ẹ́ tán kí ó tó sọ̀rọ̀.

“Àwa la ń fi ipá mú un. Jẹ́ ká fi irin yẹn sílẹ̀ jàre. Ká lo omi lásán.”

“Omi ẹ̀rọ, Bàbá?”

“Omi tí a sẹ́ dáadáa. Ká yọ́ èèpo ẹyin sínú ásíìdì, ká mú iyọ̀ tó bá jáde níbẹ̀, ká pò ó mọ́ omi. Omi bátìrì wa nìyẹn. Ká fi èédú èésan èkùrọ́ ṣe ilé kan. Ilé kejì…” Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ìgò kan jáde. “Búlúù.”

Búlúù yìí ni Aasiyah kò lè gbàgbé láéláé. Iyọ̀ irin kan àti iyọ̀ pupa-rúsúrúsú mìíràn ni wọ́n ń pò pọ̀. Bí wọ́n bá ti da ọ̀kan sínú èkejì, àwọ̀ náà á bẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó jinlẹ̀ débi pé èèyàn á rò pé ìgò náà kò nísàlẹ̀. Kò sí aṣọ àwọ̀lékè rẹ̀ kan tí kò ní àbààwọ́n rẹ̀. Yàrá kéékèèké ló kún inú búlúù náà, bí ilé tí yàrá kọjú síra wọn tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gùn láàárín, irú èyí tó pọ̀ ní Ìkòtún. Inú àwọn yàrá yẹn ni wọ́n fẹ́ kí kálísíọ́mù máa wọ̀, kó sì máa jáde.

Bàbá ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á pò ó, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi omi wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, wọ́n á gbé e sínú ààrò oníná láti òwúrọ̀ di àṣálẹ́ títí tí á fi gbẹ gidi tí á sì máa dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lọ̀ ọ́. Búlúù náà gba kálísíọ́mù wọlé lóòótọ́, inú wọn sì dùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fún un níná tí wọ́n sì gbà á padà tó bí ogún ìgbà, ó ti kú. Àlejò ti di ọmọ onílé.

Síbẹ̀, ọdún wọ̀nyẹn dùn. Rédíò kékeré kan máa ń sọ̀rọ̀ lórí fèrèsé, Bàbá á máa fi ẹnu sú orin ìjọ Áńgílíkà, Aasiyah á máa gún èèpo ẹyin nínú odó kékeré. Tí àkókò ìrun ọ̀sán bá tó, Bàbá ni í kọ́kọ́ yí rédíò sílẹ̀. “Tíṣà mi, aago kan ti kọjá o.” Á bọ́ síta lọ dúró sábẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fútù títí tí Aasiyah á fi kírun tán ní igun yàrá. Tolúwalọpẹ́ á gbé mọ́ínmọ́ín wá, á dúró lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé ásíìdì máa ń ta á nímú. “Ẹ̀yin méjèèjì yìí, ẹ ò ní fi búlúù yìí pa ara yín,” ni yóò máa wí.

Nígbà tó di ọdún 2014, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ nǹkan tì. Á na ọwọ́, á ní, “Gbé… gbé nǹkan yẹn fún mi, èyí tí a fi ń fa omi.” Lọ́jọ́ kan wọ́n wá awò ojú rẹ̀ títí, inú ààrò ni wọ́n ti rí i. Ó sọ ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ kan tó da iyọ̀ sínú tíì ọ̀gá rẹ̀, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sán kan. Ẹ̀rín gidi ni Aasiyah rín lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Ó rò pé ti ọjọ́ ogbó lásán ni.

Lóṣù kẹjọ ọdún náà, ní Sátidé kan tí ilẹ̀ tutù, ó bá àwo búlúù tuntun lórí tábìlì.

“Mo ti ṣe ọ̀kan sílẹ̀ fún ẹ ní Tọ́sìdeè,” ni Bàbá wí. “Mo ti mú un gbẹ, mo ti lọ̀ ọ́.”

Ó lẹ̀ mọ́ ṣíbí díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì ṣókùnkùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Aasiyah rò pé òjò ló fà á. Ó fi ṣe bátìrì kékeré kan, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ tí Bàbá fúnra rẹ̀ fi wáyà so pọ̀, èyí tó ń fún bátìrì níná tó sì ń gbà á padà, tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan. Ó fi í síbẹ̀, ó relé.

Sátidé kejì, bátìrì náà ti lọ, ó ti bọ̀ nígbà àádọ́rin. Kò kú. Sátidé kẹta, ogóje ó lé díẹ̀. Kò kú. Wọ́n fi èyí tó kù nínú búlúù náà ṣe méjì irú rẹ̀, wọ́n so wọ́n pọ̀ mọ́ aago ara ògiri tí wọ́n ti yọ bátìrì inú rẹ̀ kúrò, aago náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bàbá pariwo pe ọmọ rẹ̀. “Lọpẹ́! Lọpẹ́, wá wo èèpo ẹyin tó ń sọ aago!” Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń jó lórí sìmẹ́ńtì láàbù nínú kóòtù funfun rẹ̀, Aasiyah sì ń pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn kò lè tún ṣe, kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Aasiyah tún búlúù náà ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Ó kú lẹ́yìn ogún ìgbà. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, bákan náà ni. Ó bi Bàbá bóyá ó yí nǹkan kan padà. Bàbá ka gbogbo ìgbésẹ̀ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò fo ọ̀kan.

Ló bá ṣí ìwé àkọsílẹ̀ láàbù, ó wá Tọ́sìdeè yẹn. Ọwọ́ Bàbá ló wà níbẹ̀, ìkọ̀wé rẹ̀ tó rẹwà: wíwẹ̀ kìíní, ìkejì, títí dé ìkarùn-ún. Lábẹ́ rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀: wíwẹ̀ kìíní, ìkejì, ìkẹta. Ní ojú-ìwé kejì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ ààrò níbì kankan.

Ó gbé ìwé náà lọ bá Tolúwalọpẹ́ ní kíṣíìnì.

“Àǹtí Lọpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé iná wà lọ́jọ́ Tọ́sìdeè tí Bàbá ṣe búlúù yìí? Ọ̀sẹ̀ tí ilẹ̀ tutù yẹn.”

Tolúwalọpẹ́ ronú. “Ọ̀sẹ̀ yẹn? Iná ò wá láti Wẹ́sìdeè títí di Fúráìdeè. Jẹnẹrétọ̀ gan-an wà lọ́wọ́ oníṣẹ́. Mo rántí torí ẹja mi tó bàjẹ́.”

Ààrò kò lè gbóná láìsí iná. Búlúù náà kò gbẹ rárá. Tútù ni Bàbá lọ̀ ọ́, ó sì dá a lójú pé òun ti mú un gbẹ. Ibi tí Aasiyah dúró sí ni nǹkan méjì ti yé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èkíní, ó mọ ohun tó mú kí bátìrì náà pẹ́. Èkejì, ìgbàgbé Bàbá kì í ṣe ti ọjọ́ ogbó lásán.

Tolúwalọpẹ́ wo ìwé náà, ó wo ojú rẹ̀. Ó pa iná abẹ́ ìkòkò.

“Ó ti tó ọdún kan tí iyè Bàbá ti ń ra,” ló wí. “Lóṣù tó kọjá, wọ́n jáde lọ ra búrẹ́dì nítòsí ibí. Òkè-Odò ni ẹnìkan ti rí wọn, wọn ò mọ ọ̀nà ilé mọ́.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Nítorí Sátidé ni. Tó bá ti di Fúráìdeè, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè, ‘Ṣé ọ̀la ni Tíṣà mi ń bọ̀?’ Wọ́n á lọ kóòtù wọn fúnra wọn. Mo rò pé tí o bá mọ̀, o ò ní wá mọ́.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. “Má bínú sí mi.”

Kò sí ìbínú nínú Aasiyah. Ó dì mọ́ ọn láàárín kíṣíìnì.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe búlúù tí kò gbẹ. Bátìrì náà pẹ́ bí ti àkọ́kọ́. Ó wá jókòó ti Bàbá, ó ṣàlàyé pé omi díẹ̀ tó kù nínú yàrá búlúù náà ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Omi náà máa ń yí kálísíọ́mù ká, ó máa ń bo ẹrù orí rẹ̀, kì í jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ògiri. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń mú un gbẹ láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n kàn ń lé omi náà jáde ni.

Bàbá gbọ́ ọ tán. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti ìgbà tó mọ gbogbo nǹkan. “Ó dára. Ó dára púpọ̀. Ta ló ní ká má mú un gbẹ?”

“Ẹ̀yin ni, Bàbá.”

Bàbá sún àga mọ́ ọn. “Ṣé mo rò ó ni, àbí mo gbàgbé?”

Irọ́ ti wà lẹ́nu Aasiyah. Irọ́ oore ni, ìbá sì dùn láti pa. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ló kọ́ ọ pé èèyàn kì í yí nọ́ńbà padà, kódà bó bá jẹ́ pé nọ́ńbà náà fẹ́ ba iṣẹ́ ọdún mẹ́ta jẹ́.

“Ẹ gbàgbé ni, Bàbá.”

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù.

“Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

“Bàbá, kò pọn dandan…”

“Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Aasiyah.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò pe orúkọ rẹ̀. “Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń lé ọmọ ọlọ́mọ jáde ní láàbù nítorí pé wọ́n kọ ohun tí wọn ò ṣe. Èmi ni màá wá ní kó o kọ ọ́ pé mo ronú, nígbà tí mi ò ronú? Kọ ọ́ pé Zacchaeus gbàgbé ààrò. Kí wọ́n kà á.”

Ó dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ásíìdì lára ìṣó, ó lọ fi í lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ilé. Kò gbà á padà mọ́.

Wọ́n ṣì ṣiṣẹ́ títí di àárín ọdún 2015. Aasiyah ló ń fi ọwọ́ ṣe é, Bàbá á jókòó sórí àga, á máa bèèrè, nígbà mìíràn ìbéèrè kan náà ni lẹ́ẹ̀mẹ́rin, Aasiyah á sì dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Nígbà tó di ọjọ́ kan tí Tolúwalọpẹ́ ti ibi iṣẹ́ dé tó bá òórùn gáàsì nínú gbogbo ilé, àwọn obìnrin méjèèjì gbà pé ó tó. Wọ́n kó àwọn ìgò náà sínú páálí, wọ́n kó wọn lọ sí láàbù ilé-ẹ̀kọ́ tí Aasiyah ti ń ṣe tíṣà. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kí àwọn tó ń ru páálí pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ rọra, nǹkan fífọ́ ló wà nínú ẹ̀.”

Ní ọdún 2016, Aasiyah gba oyè dókítà rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó yẹ iṣẹ́ náà wò fẹ́ kó yọ gbólóhùn kan kúrò, èyí tó sọ pé wọn kò mú búlúù náà gbẹ nítorí pé wọ́n gbàgbé. Ó ní kò bójú mu nínú ìwé ńlá. Aasiyah ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣẹlẹ̀. Wọ́n fà á títí, gbólóhùn náà sì dúró. Nígbà tí wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde, orúkọ Zacchaeus ló ṣáájú, tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Bátìrì wọn kò tíì dé ọjà. Àwọn mìíràn ní ìlú òkèèrè, tí láàbù wọn tóbi ju ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ, ń ṣe ohun tó ju tiwọn lọ lórí kálísíọ́mù, ó sì máa ń kà á tayọ̀tayọ̀.

Bàbá kú nínú oṣù kejì ọdún 2018. Èrò pọ̀ nílé ìjọsìn lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti darúgbó jókòó ní iwájú. Aasiyah jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀ ju Tolúwalọpẹ́ lọ, tó wá fà á lọ́wọ́ dìde lọ jókòó láàárín ẹbí.

Ìgbà tí Aasiyah rí Bàbá kẹ́yìn jẹ́ ọ̀sán kan lóṣù kọkànlá ọdún tó ṣáájú. Ó bá Bàbá níwájú ilé, nínú àga oníráfíà, aṣọ òtútù lé e lẹ́sẹ̀. Bàbá kí i dáadáa bí èèyàn ṣe ń kí àlejò. Kò mọ̀ ọ́n. Aasiyah jókòó tì í. Nítorí pé kò mọ ohun tí òun tún lè sọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ fún un, pé iyọ̀ tí òun ń lò báyìí pọ̀ nínú omi náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì dà bí ẹni pé ó ń mú kí búlúù pẹ́ sí i.

“Ṣé omi náà ń dì tí ilẹ̀ bá tutù?” ni Bàbá bèèrè.

Aasiyah gbójú sókè. Ojú ọ̀nà ni Bàbá ń wò. Ìbéèrè náà dára, òun kò tíì dán an wò.

“Mi ò tíì mọ̀, sà. Màá wò ó.”

“Ó yẹ kó o wò ó.”

Aasiyah ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó sọ ti ilé èédú, ó sọ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin rẹ̀ méjì tó fẹ́ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì ní yunifásítì. Láàárín rẹ̀, orí Bàbá rọra tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ti sùn lọ. Atẹ́gùn ń fẹ́, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọjá lójú títì. Aasiyah rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un dópin, nọ́ńbà nọ́ńbà, kí ó tó tún aṣọ òtútù náà ṣe lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó sì wọlé lọ dágbére fún Tolúwalọpẹ́.